Ìpàdé presbytery lórí ìjọ àti àdúgbò: àwọn ìbéèrè tí àwa Yorùbá máa ń bi ara wa

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní ìjọ Presbyterian ní Amẹ́ríkà, inú ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi tàbí Kérúbù ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Ìjọ tó súnmọ́ ilé la kàn wọ̀, wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, a sì jókòó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n yàn wá sípò alàgbà. Kò pẹ́ sí i, ìwé dé pé kí a lọ ṣojú ìjọ níbi ìpàdé presbytery, pé ọ̀rọ̀ ìjọ àti àdúgbò ni wọ́n fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbà náà ni ìbéèrè ń bẹ̀rẹ̀. Alàgbà lèmi náà, wọ́n sì máa ń bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lórí fóònù àti lẹ́yìn ìsìn. Ohun tí mo kọ síbí, ti Presbyterian Church U.S.A. ni, èyí tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Louisville, ìpínlẹ̀ Kentucky, tí a máa ń gé kúrú sí PCUSA. Àwọn ìjọ Presbyterian mìíràn wà ní Amẹ́ríkà tí òfin tiwọn yàtọ̀.

Kí ni presbytery gan-an?

Ẹ wo ìjọ Áńgílíkà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ló ń ṣàkóso dáyósíìsì. Òun ló ń fi àlùfáà jẹ, òun ló ń gbé e láti ìjọ kan lọ sí òmíràn. Àwa kò ní bíṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ tí bíṣọ́ọ̀bù ń ṣe lọ́hùn-ún, ìgbìmọ̀ ló ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwa, ìgbìmọ̀ náà sì ni presbytery. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ìjọ PCUSA tó wà ní agbègbè kan wà. Òun ló ń fi òjíṣẹ́ jẹ, òun ló ń dá ìjọ tuntun sílẹ̀, òun ló ń pẹ̀tù sí aáwọ̀, òun náà ló sì ń pinnu ohun tí a ó fi ilé ìjọsìn ṣe bí àwọn ọmọ ìjọ bá ti tán níbẹ̀. Kò sì rí bíi ti Onítẹ̀bọmi, níbi tí ìjọ kọ̀ọ̀kan ti dá dúró gẹ́gẹ́ bí olúwa ara rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ mẹ́rin ló wà nínú ètò wa. Ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan ni session. Presbytery ló tẹ̀ lé e. Sínọ́ọ̀dù, tí 16 rẹ̀ wà káàkiri, kó àwọn presbytery jọ. Àpéjọ Gbogboogbò wá gbòòrò ju gbogbo wọn lọ, ọdún méjì-méjì ló sì ń jókòó. Àwọn presbytery lé ní 160. Àwọn tó wà ní ìlú tí Yorùbá pọ̀ sí ni New Covenant ní agbègbè Houston, Greater Atlanta, àti National Capital ní Washington àti àyíká rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà jókòó ní Philadelphia ní 1706, Francis Makemie tó wá láti ilẹ̀ Ireland sì ni alága rẹ̀. Ìlànà náà dàgbà ju orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ lọ.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀ títí wọ́n fi ń túká?

Àdúrà la fi ń bẹ̀rẹ̀, àdúrà la fi ń parí. Òfin ìjọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ presbytery, ìsìn kíkún ni, pẹ̀lú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀: akọ̀wé á wò ó bóyá aṣojú pé iye tó yẹ, a ó gba ìròyìn, ẹnì kan á dá àbá, ẹlòmíràn á kín in lẹ́yìn, a ó jíròrò, a ó dìbò.

Bí ìpàdé bá dá lórí àdúgbò, wọ́n máa ń ya wákàtí mélòó kan sọ́tọ̀ fún àwọn ìjókòó kéékèèké. Ìjọ tó ń bọ́ àwọn ọmọ iléèwé nígbà ìsinmi á sọ bó ṣe ń ṣe é. Ìjọ tó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n kọ́lé fún àwọn arúgbó tí owó ilé ń dà láàmú á sọ ẹni tó bá dúnàádúrà àti ọ̀nà tó fi gba àṣẹ. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kí gbogbo wa jáde, kí a fẹsẹ̀ rìn yí àdúgbò ìjọ tó gbà wá lálejò ká, kí a tó padà wá jókòó. Bí wọ́n bá pe èyí, ẹ má dúró sídìí kọfí. Ibi tí mo ti máa ń kẹ́kọ̀ọ́ jù lọ nìyẹn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń dì pọ̀, tí gbogbo ilé á fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà láìjíròrò. Ó ń dín àkókò kù, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn tí wọ́n fẹ́ tà, tàbí owó tí wọ́n fẹ́ yọ kúrò nínú iṣẹ́ àdúgbò, lè wà láàárín wọn. Aṣojú kan ṣoṣo tó láti ní kí wọ́n yọ ọ̀kan síta kí a sọ̀rọ̀ lé e lórí. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ṣáájú ìpàdé, ẹ kà á tán kí ẹ tó kúrò nílé.

Ta ló ní ìbò?

Àwọn òjíṣẹ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé presbytery ní ìbò, ì báà jẹ́ ìjọ ni wọ́n ń ṣọ́, ì báà jẹ́ ọsibítù ni wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn, ì báà sì jẹ́ pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Àwọn alàgbà tí session ìjọ kọ̀ọ̀kan rán wá náà ní ìbò. Òfin fẹ́ kí iye àwọn méjèèjì dọ́gba bó bá ti ṣeé ṣe tó, ìdí nìyẹn tí ìjọ ńlá fi ń rán ju alàgbà kan lọ. Ìbò alàgbà tó ń wa takisí láàárín ọ̀sẹ̀ àti ìbò òjíṣẹ́ tó gboyè ọ̀mọ̀wé, ọgbọọgba ni wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìjọ yìí, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹni tí kì í ṣe aṣojú lè wá wò, alága sì lè fún un láyè láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní dìbò. Presbytery gbọ́dọ̀ pàdé ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún.

Session wa ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n dìbò fún. Ṣé dandan ni kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Rárá o. Ìlànà wa sọ pé ẹni tó bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ kò wá láti kàn sọ ohun tí àwọn tó rán an ń fẹ́. Ó wá láti bá àwọn yòókù wá ohun tí Kristi ń fẹ́. Ẹ gbọ́ èrò session, ẹ gbé e lọ, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún ilé gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́kàn wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ohun tí session kò gbọ́, ẹ̀rí ọkàn yín ni kí ẹ fi dìbò. Kí ẹ padà sílé, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn lójúkojú.

Kí ni ìjọ ń wá nínú ọ̀rọ̀ àdúgbò? Ṣé ìhìnrere kọ́ ni iṣẹ́ wa?

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn màmá wa lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò sì fi ojú kékeré wò ó. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé ìjọ tó bá di iléeṣẹ́ ìrànwọ́ lè gbàgbé àdúrà. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Mátíù orí 25. Níbi tí Olúwa ti ń ya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bí ìsìn rẹ̀ ṣe gùn tó. Ó béèrè ẹni tí ebi ń pa, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, àlejò, ẹni tó wà níhòòhò, aláìsàn, ẹlẹ́wọ̀n. Orí yìí ni PCUSA fi sọ orúkọ ìpè tí wọ́n gbé jáde ní 2019 sí gbogbo ìjọ àti presbytery. Nǹkan mẹ́ta ni ìpè náà dì mọ́: kí ìjọ kọ̀ọ̀kan jí pépé, kí a tú ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó ti wọnú ètò ìlú ká, kí a sì fa òṣì tu ní gbòǹgbò rẹ̀. Ìjọ tàbí presbytery tó bá gbà á á dìídì forúkọ sílẹ̀. Bí ìwé ìpàdé yín bá ń mẹ́nu kan Mátíù 25, ohun tó ń sọ nìyẹn.

Àwọn kan nínú wa máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò kàn wá, pé ti àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí síbí ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Ní 1807, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Gloucester, tó ti jẹ́ ẹrú ní Tennessee, dá ìjọ Presbyterian àkọ́kọ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní Philadelphia. Nígbà tó ń ṣọ́ ìjọ yẹn lọ́wọ́, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà lóko ẹrú. Ó ń wàásù, ó sì ń rìnrìn àjò láti kó owó tí yóò fi rà wọ́n padà jọ, títí ó fi rà wọ́n. Àga tí àwa ń jókòó sí níbi presbytery lónìí, irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi omijé gbà á fún wa. Báwo la ó ṣe wá ní kò kàn wá?

Ìjọ wa ti ń pín oúnjẹ. Kí ló tún kù?

Oúnjẹ pípín dára, ẹ má dá a dúró. Ẹni tí ebi ń pa lónìí kò lè dúró de ìpàdé. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín kí a ṣàánú àdúgbò àti kí a bá àdúgbò gbé, ọ̀rọ̀ tó sì gbé wa jókòó níbi ìpàdé yìí nìyẹn.

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń ṣe: alàgbà méje á jókòó nínú yàrá, wọn á pinnu ohun tí àdúgbò nílò, wọn á náwó sí i, wọn á wá máa ṣe kàyéfì pé ènìyàn kò wá. Mo mọ ìjọ kan tó ń pín oúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday. Àwọn arúgbó díẹ̀ ló ń wá. Ẹ̀yìn ọdún bíi mélòó kan ni ẹnì kan tó rántí láti béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń gbé òdìkejì títì. Ìdáhùn wọn kò le: ẹnu iṣẹ́ ni gbogbo wọn máa ń wà ní wákàtí yẹn. Wọ́n sún un sí ìrọ̀lẹ́ Saturday. Kò tó oṣù díẹ̀, àwọn ìyá yẹn fúnra wọn ló ń to oúnjẹ sórí tábìlì, tí wọ́n ń kọ orúkọ, tí wọ́n sì ń sọ fún àwọn alàgbà ohun tó yẹ kí wọ́n rà. Ohun tí mo ń pè ní bíbá àdúgbò gbé nìyẹn. Ẹni tó ń gbà lánàá ti di ẹni tí ń darí.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbi ìjókòó kéékèèké wọ̀nyí. John McKnight àti Jody Kretzmann, tí wọ́n wà ní Northwestern University lẹ́bàá Chicago, ló jẹ́ kó gbajúmọ̀ láti àwọn ọdún 1990. Wọ́n ní bí ẹ bá wọ àdúgbò, ẹ má kọ́kọ́ ka ohun tí kò sí. Ẹ ka ohun tó wà. Ta ló mọ iṣẹ́ ọwọ́? Ta ni gbogbo ọmọdé ń sá tọ̀ lọ? Ilé wo ló ní ọgbà? Ẹgbẹ́ wo ló ń pàdé lẹ́yìn iṣẹ́? Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rí i pé bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe àáró àti ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ń wá síbi ọ̀wẹ̀ láti wá ka òṣì ẹni tó pè é. Apá tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń kà.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé tó súnmọ́ ìjọ, onígbàjámọ̀, ẹni tó ń ta oúnjẹ ní kọ̀rọ̀ títì, nọ́ọ̀sì tó wà ní kílíníìkì, ìmáàmù mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí. Ẹ béèrè, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́. Ẹ má tíì ṣèlérí ohunkóhun.

Ọmọ ìjọ wa kò pọ̀, arúgbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kí la lè ṣe?

Ẹ ní ilé. Ọ̀pọ̀ ìjọ kékeré ló ní gbọ̀ngàn, ilé ìdáná, yàrá ẹ̀kọ́ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ń ṣófo láti Monday títí di Saturday, nígbà tí àwọn tó wà ládùúgbò ń wá ibi tí wọn yóò ti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ọmọ yóò jókòó sí lẹ́yìn iléèwé, tàbí ibi tí ìjọ àwọn àjèjì tí kò ní ilé yóò ti jọ́sìn. Ọ̀pọ̀ ìjọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìjọ ẹlòmíràn, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òfin kí ẹ má bàa ko ìjọ sí wàhálà. Bí ilé tilẹ̀ wà lórúkọ ìjọ yín, ẹ ń tọ́jú rẹ̀ fún PCUSA lápapọ̀ ni. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tà á tàbí fi yáwó láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ presbytery. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ibi ìjọsìn gan-an háyà, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi ilé tàbí ilẹ̀ yòókù háyà ju ọdún márùn-ún lọ, àfi kí presbytery fọwọ́ sí i. Kí ẹgbẹ́ kan máa lo gbọ̀ngàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, session lè pinnu ìyẹn. Bó bá di ọ̀rọ̀ kíkọ́ ilé àwọn tówó wọn kò pọ̀ sórí ilẹ̀ ìjọ, ẹ tètè gbé e dé iwájú presbytery. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé tán. Ọjọ́ ìpàdé yìí gan-an ló dára jù láti wá ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀, kí ẹ bá a jẹun ọ̀sán.

Nípa ti ọjọ́ orí: àwọn arúgbó ìjọ yín mọ ìtàn àdúgbò ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n rántí ìgbà tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa, wọ́n mọ ìdílé tó kó lọ àti ìdí tí wọ́n fi kó lọ. Mi ò tíì rí ìjọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àdúgbò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láìkọ́kọ́ jókòó ti irú wọn.

Níbo ni owó yóò ti wá?

Ọrẹ Pẹ́ńtíkọ́sì súnmọ́ yín jù. Ìjọ lè ṣẹ́ 40% mú nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ àdúgbò tirẹ̀, kó tó fi ìyókù ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìjọ kò mọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni owó ìdàgbàsókè àwọn ènìyàn, Self-Development of People, tí PCUSA dá sílẹ̀ ní 1970. Ìlànà rẹ̀ kò gba gbẹ̀rẹ̀: kì í fún ẹnì kan ṣoṣo lówó, kì í sì í fún ìjọ tó fẹ́ ṣàánú ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ àwọn tálákà fúnra wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbèrò iṣẹ́ náà, kí wọ́n ni ín, kí wọ́n darí rẹ̀, kí wọ́n sì jàǹfààní rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, àwọn ayálégbé tó fẹ́ parapọ̀ bá onílé sọ̀rọ̀, irú wọn nìyẹn. Iṣẹ́ tiyín, ẹ̀yin alàgbà, ni láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé owó náà wà, kí ẹ bá wọn kàwé ìbéèrè bí wọ́n bá ní kí ẹ bá wọn kà á, kí ẹ sì kúrò lójú ọ̀nà. Ibi tí owó náà ti ń wá ni ọrẹ One Great Hour of Sharing tí a ń dá ní àsìkò Lẹ́ńtì títí di Àjíǹde, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1949. A máa ń pín in sọ́nà mẹ́ta: 32% fún ìdàgbàsókè àwọn ènìyàn, 32% fún àwọn tí àjálù bá, 36% fún gbígbógun ti ebi.

Ṣé kì í ṣe òṣèlú ni gbogbo èyí?

Kò sí ẹni tó máa ní kí ẹ dìbò fún olùdíje kankan. Ṣùgbọ́n bí òfin ìlú bá ń ni aládùúgbò yín lára, ìjọ lè sọ̀rọ̀. Bí presbytery bá fẹ́ kí gbogbo ìjọ ní Amẹ́ríkà gbọ́, ó lè fi àbá ránṣẹ́ sí Àpéjọ Gbogboogbò, bí presbytery mìíràn kan bá ti kín in lẹ́yìn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní St. Louis ní oṣù Kẹfà 2018. Àpéjọ Gbogboogbò ń jókòó níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wà látìmọ́lé ìlú náà tí wọn kò tíì jẹ̀bi ẹ̀sùn kankan. Owó béèlì ni wọn kò ní. Àwọn aṣojú dá ọrẹ níbi ìsìn, ó lé ní $47,000, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn láti gbọ̀ngàn ìpàdé lọ sí ibi àtìmọ́lé náà kí wọ́n lè fi owó yẹn gba béèlì wọn. Ẹlẹ́wọ̀n wà nínú Mátíù 25. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ìyẹn ní òṣèlú, mo gbà á bẹ́ẹ̀, inú mi sì dùn sí i.

Àjèjì ni mí, ohùn mi sì yàtọ̀ sí tiwọn. Ṣé kí n sọ̀rọ̀?

Ẹ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́. A tọ́ wa pé ọmọ tó wà láàárín àgbà a máa gbọ́ ni. Ẹ̀kọ́ rere ni, mi ò ní kí ẹ jù ú nù. Àmọ́ ní ìpàdé yìí, bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n á gbà pé ohun tí wọ́n sọ tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ dìde, ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ dúró kí alága pè yín, ẹ sọ orúkọ yín àti ìjọ yín. Alága ni kí ẹ dojú ọ̀rọ̀ kọ. Ẹ má bá ẹni tí ẹ kò gbà fún fa ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀. Bí wọn kò bá gbọ́ ọ, ẹ tún un sọ pẹ̀lẹ́. Orúkọ yín náà, ẹ pè é bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ.

Ẹ má sì rò pé ọwọ́ òfo lẹ gbé wá. Ìran tó ń dá àjọ, tó ń dá ẹgbẹ́ ìlú sílẹ̀ níbikíbi tó bá tẹ̀dó sí, mọ nǹkan kan nípa àdúgbò. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlúùṣe ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀, wọn kò dúró de ìjọba. Bí wọ́n bá ń wí níbi ìjókòó kéékèèké pé tálákà kò lè ṣètò ara rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní ìdáhùn. Ohun mìíràn sì wà: nígbà tí àwọn kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, oúnjẹ inú ilé ìjọsìn la jẹ, ẹ̀wù òtútù tí wọ́n fún wa la wọ̀. A mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó ń gbà á, títí kan ojú tí wọ́n fi ń wo ni. Ẹ sọ ọ́ fún wọn. Nínú ìgbìmọ̀ náà, kò sí ẹni tó ń gbé ìlú tí wọ́n bí i sí látilẹ̀wá tó lè sọ ìyẹn bí ẹ̀yin.

Ṣé ìjọ kan náà ni pẹ̀lú Presbyterian tó wà ní Nàìjíríà?

Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, ìjọ kan náà kọ́. Àwọn Presbyterian ilẹ̀ Scotland tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Jàmáíkà ló gbé ti Nàìjíríà wá. Hope Waddell àti àwọn tó bá a wá gúnlẹ̀ sí Calabar ní oṣù Kẹrin 1846. Nígbà yẹn, Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì ti dé Badagry láti 1842, ìdí nìyẹn tí Presbyterian kò fi gbilẹ̀ púpọ̀ nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ àdúgbò kì í sì í ṣe nǹkan tuntun níbẹ̀. Mary Slessor, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé ní 1876, ó gba àwọn ìbejì tí wọ́n ń pa tàbí tí wọ́n ń jù sígbó là, àárín àwọn ènìyàn náà ló sì gbé títí ó fi kú ní 1915. Hope Waddell Training Institution bẹ̀rẹ̀ ní Calabar ní 1895. Dókítà Akanu Ibiam dá ọsibítù sílẹ̀ ní Abiriba ní 1936. Àwa tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá, tí a mọ ohun tí à ń pè ní Táíwò àti Kẹ́hìndé, ó yẹ kí ìtàn Slessor yé wa kíákíá.

A fẹ́ dá ẹ̀kọ́ lẹ́yìn iléèwé sílẹ̀ fún ọmọ àdúgbò. Kí ló yẹ ká mọ̀?

Òfin ìjọ ní kí gbogbo ìgbìmọ̀, session náà wà níbẹ̀, ní ìlànà tí a kọ sílẹ̀ fún ìdáàbòbò àwọn ọmọdé àti lórí ìwà ìbàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ ṣiṣẹ́, kí wọ́n yẹ ìtàn rẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀, kí àgbàlagbà kan ṣoṣo má sì dá wà pẹ̀lú ọmọ. Kì í ṣe àbùkù bí wọ́n bá ní kí Bàbá Alàgbà náà ṣe àyẹ̀wò yìí. Kí wọ́n ṣe é. Bí ẹ kò bá ní ìlànà kankan lákọsílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé presbytery lọ́jọ́ ìpàdé. Wọ́n máa ń ní àpẹẹrẹ tí ẹ lè lò.

Irú aṣọ wo ni kí n wọ̀?

Èyí tó bá wù yín. Aṣọ òkè, súùtù, àǹkárá, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn nítorí ìrìn àdúgbò.

Bí mo bá padà délé, kí ni session ń retí?

Ìròyìn. Ẹ má jẹ́ kó ju ojú ìwé kan lọ, ẹ sì kọ ọ́ kó tó kúrò lórí yín. Ìpinnu tí presbytery ṣe, àti èyí tó kan ìjọ yín nínú rẹ̀. Bí ẹ ṣe dìbò, pàápàá níbi tí ẹ kò ti bá èrò session lọ. Orúkọ ìjọ kan tó ń ṣe ohun tí ẹ̀yin náà lè ṣe, àti ẹni tí ẹ ó pè níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá àbá kan ṣoṣo. Èyí tí mo máa ń dá ni pé kí alàgbà méjì-méjì lọ bá ènìyàn márùn-ún sọ̀rọ̀ ládùúgbò kí session tó tún jókòó, kí wọ́n má gbé ìwé ìpolongo kankan dání, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Bí ẹnì kan bá kín in lẹ́yìn, ẹ ní kí wọ́n dìbò lé e lórí lálẹ́ ọjọ́ náà.